Ojú Ni Mo Fi Ń Yan Táyà, Ọwọ́ Ni Wọ́n Ń Pè É

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Nílé, Ìyá Saídù ni wọ́n ń pè mí. Ní Shango níbi tí mo ti tajà, Ìyá Onítáyà ni mí, àwọn Hausa a sì máa pè mí ní Mai Taya. Táyà máṣínì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo tà ní Minna láti ìgbà ọmọge mi títí eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká lẹ́nu mi. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ náà, n kò ní dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó fi ojú mi rí. Bí ẹ bá ń wá àgbà tó máa sọ pé iṣẹ́ òun dùn bí oyin, ẹ wá ẹlòmíì lọ.

Ìlọrin ni bàbá mi ti wá. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló gbé e dé Minna nígbà tí ìlú náà ò tíì ju ojú irin àti ọjà lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà, bàbá mi wò mí títí, kò rí ohun tó máa fi mí ṣe, ló bá fà mí lé àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, Àlájà Sínótù, tó ń ta táyà. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Wọ́n ní kí n gbé ẹní mi wá, mo gbé e wá. Bí ẹ bá bèèrè owó oṣù, oúnjẹ ni owó oṣù mi.

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n sọ Minna di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun. Àwọn akọ̀wé ìjọba ń rọ́ wọlé, àwọn tísà ń ti Ọ̀yọ́, Èkìtì àti Ìjẹ̀bú bọ̀, ẹni tó bá sì ti rí yàrá gbà, máṣínì ló kàn. Títì ò dára nígbà náà. Òkúta àti iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń jẹ táyà bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu. Àlájà ti rí i pé ọjà wà níbẹ̀ kí àwọn ọkùnrin tó jí. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí ló kan obìnrin kan táyà. Bí ọkùnrin bá ń rẹ́rìn-ín, Àlájà ò ní dá a lóhùn. Á wo táyà máṣínì rẹ̀ fínnífínní, á wá ní, "Ẹ fi díẹ̀ pamọ́ nínú ẹ̀rín yẹn de òjò."

Obìnrin náà le. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn ọ̀gá àtijọ́ kàn ń bínú lásán ni, ti Àlájà ní ìlànà. Bí a bá ti kírun àárọ̀ tán, a ó kó táyà jáde sínú oòrùn, á to márùn-ún tàbí mẹ́fà sílẹ̀, á jókòó lórí àpótí, á ní, "Ráfátù, èwo nínú wọn ló máa pa èèyàn?"

Kò bi mí rí pé èwo ló dára. Ó ní ẹni tó bá ń wá èyí tó dára, ohun tó ń dán ni ojú rẹ̀ máa ń sáré lọ bá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá èyí tó máa pa èèyàn á fara balẹ̀. Tí mo bá sọ èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, kò ní nà mí. Á ní kí n yí táyà tí mo ṣì yàn náà lórí ilẹ̀, bí àwọn ọmọdé ṣe ń yí i ṣeré, láti ọjà títí dé ilé wa ní Sauka Kahuta, ní ọ̀sán gangan. Mo ti tó ẹni tí wọ́n ń wá fẹ́ nígbà náà o! Àwọn ọmọ Hausa á tò tẹ̀lé mi, wọ́n á máa kọrin, "Amarya mai taya! Amarya mai taya!" pé ẹ wá wo ìyàwó onítáyà. Bí mo bá dé ilé tí mò ń sunkún, Àlájà á ní, "Ẹkún ò kan táyà. Kí lo ò wò dáadáa?"

Kí ni mo kọ́? Mo kọ́ láti tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà kí n rí i bóyá ó máa là wẹ́wẹ́ bí ètè ẹni tí ọyẹ́ ti mú. Mo kọ́ pé táyà tó pẹ́ jù nínú sìtọ́ọ̀ lè má tíì fi ojú kan títì rí, kó sì ti gbó, nítorí oòrùn ìlú wa ò mọ̀ pé kò tíì ṣiṣẹ́. Mo kọ́ láti wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Mo kọ́ pé rọ́bà tó le máa ń pẹ́ kó tó jẹ tán, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ lórí ọ̀dà tí òjò bá rọ̀, pé èyí tó rọ̀ á di ilẹ̀ mú dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. Ẹni tó ń gbé ẹrù lọ sí oko kò gbọ́dọ̀ ra irú táyà tí tísà ìgboro ń rà. Àlájà ò gbà kí n ta táyà fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ bi í pé, "Ibo lẹ ń gùn ún lọ?"

Ó kọ́ mi ní nǹkan kan tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Àwọn kan wà lẹ́bàá gáréèjì tí wọ́n ń ra táyà tó ti jẹ tán, tó ti dán bí orí apárí. Wọ́n á fi ọ̀bẹ sínú èédú títí á fi pọ́n, wọ́n á fi gbẹ́ ìlà tuntun sójú táyà náà, wọ́n á wá fi póólíṣì bàtà kùn ún. Ẹni tí kò mọ̀ á ní tuntun ni. Ṣùgbọ́n ìlà tí ọ̀bẹ gbẹ́ kò rí bí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rí gbágungbàgun, bí ọwọ́ bá sì wúwo, ẹ ó rí òwú inú táyà níbẹ̀. Àlájà máa ń sọ pé, "Táyà olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe táyà burúkú. Èyí tó ń parọ́ ni burúkú." Ọ̀pọ̀ táyà ló wà tí owó rẹ̀ ò pọ̀, tí kò lẹ́wà, tí kò sì ní orúkọ, tó sì máa gbé èèyàn lọ gbé e bọ̀. Òun ló ń wá kiri fún àwọn tálákà, òun náà ni èmi ń wá títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí mo gba ìdáǹdè, mo ṣí ìsọ̀ tèmi ní Shango. Mo ti fẹ́ Bàbá Saídù nígbà náà, Alfa ni, ilé kéú ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí òjíṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ ìjọba wá bá mi, ọmọ Nupe tí wọ́n ń pè ní Málàm Ndagi. Ìṣó ò jẹ́ kí ọkùnrin náà sinmi, gbogbo ìgbà ló ń lẹ tíúbù. Mo wo táyà rẹ̀, mo rí i pé ó ti fẹ́lẹ́ débi pé ẹ̀gún lè gún un wọlé. Mo mú ọ̀kan tó nípọn fún un, owó rẹ̀ ò pọ̀ rárá. Ọkùnrin náà gùn ún títí, ìṣó ò dé ibẹ̀. Ló bá padà wá, ó dúró sí àárín títì, ó ń pariwo, "Kai! Mai Taya, hannunki yana da albarka!" pé ìbùkún ń bẹ lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ mọ àwa Yorùbá, ohun tí ojú bá ṣe, ọwọ́ la máa gbé e fún. Àwọn èèyàn wa gbọ́, wọ́n ní ọwọ́ Ìyá Saídù tutù. Láti ìgbà náà, wọ́n ń ti Tunga wá, wọ́n ń ti Bosso wá, kò sì sẹ́ni tó tún fẹ́ gbọ́ àlàyé. Mo bá bẹ̀rẹ̀ pé rọ́bà èyí le, ti ìyẹn rọ̀, wọ́n á ní, "Ìyá Saídù, ẹ sáà fi ọwọ́ yín mú un fún wa." Ẹlòmíì ti yan tirẹ̀ tán, á ní kí n gbé e kalẹ̀ kí n tún gbé e fún òun. Ẹni tó bá bí ọmọ á ní kí n wá kọ́kọ́ gbé e. Ẹni tó bá ṣí ìsọ̀ á ní kí n wá fi ọwọ́ mi ra ọjà àkọ́kọ́. Mò ń sọ fún wọn pé ojú ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú mi sì ń dùn, ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn?

Inú Àlájà nìkan ni kò dùn. Ó wá sí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ kan, ó bá èrò níbẹ̀, ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó dúró títí wọ́n fi lọ.

"Ráfátù, ṣé ọwọ́ ni mo kọ́ ọ?"

"Rárá o, Àlájà."

"Kí ni mo kọ́ ọ?"

"Ojú ni."

"Ẹni tó bá yìn ọ́ nítorí ọwọ́, ọwọ́ náà ló máa tìtorí rẹ̀ bú ọ. Lé wọn."

Báwo lèèyàn ṣe ń lé oníbàárà? Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò ṣe é.

Tísà Délé wà lára àwọn oníbàárà náà. Ọmọ Èkìtì ni, ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀, Tunga Low Cost ló ń gbé, ó sì ń gun máṣínì lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ìlú. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tóbi, di ọ̀rẹ́ mi. Bó bá ti ọjà dé, ìsọ̀ mi ló ń jókòó sí, a ó jọ máa jẹ ẹ̀pà, a ó máa ṣàwàdà nípa àwọn ọkọ wa. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Tóbi, Hausa nìkan ni ọmọ náà ń sọ, ó ń bí ìyá rẹ̀ nínú, ó sì ń pa èmi lẹ́rìn-ín.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Ìyá Tóbi wà lórí bẹ́ǹṣì mi nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú àpò kan. Ó tú táyà kan jáde, ó ń dán gbinrin. Ẹ̀bá gáréèjì ló ti rà á.

"Ìyá Saídù, mi ò ní kí ẹ bínú pé mi ò ra tiyín o. Arha ni mo rí, ọjà olówó pọ́ọ́kú! Ẹ ṣáà bá mi fi ọwọ́ yín kàn án, ó ti parí."

Òórùn póólíṣì ti kọ́kọ́ dé imú mi kí n tó wò ó. Mo mú irin tí a fi ń ṣí táyà, mo fi ya ìlà ojú rẹ̀ sọ́tọ̀. Gbágungbàgun ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òwú funfun yọ níbì kan.

"Tísà, wọ́n gbẹ́ eléyìí ni. Ẹ wo òwú. Ẹ dá a padà fún wọn."

"Haba, Ìyá Saídù! Iwájú ni mo fẹ́ fi sí. Ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù, mo sì ti pààrọ̀ ti ẹ̀yìn."

Ẹ fetí sí èyí, ẹ̀yin ọmọ, nítorí gbogbo ìlú ló ń ṣe àṣìṣe yìí títí di òní. Wọ́n á fi èyí tó dára sẹ́yìn, wọ́n á gbé èyí tó ti kú síwájú, torí pé ẹrù kò sí níwájú. Bí ti ẹ̀yìn bá bẹ́, máṣínì á máa fì, ẹ ṣì lè rọra mú un dúró. Bí ti iwájú bá bẹ́ lórí eré, ẹ ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí ẹ ó ti wà nílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo fa táyà kan yọ nínú tèmi, tóóró ni, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n tuntun gidi ni, owó rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti gáréèjì lọ.

Tísà wo táyà mi, ó wo tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń ṣe méjì. Mo rí i. Ìgbà yẹn ni Ìyá Tóbi dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró rẹ̀. "Bàbá Tóbi, èyí tí ẹ ti rà náà ti tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ ilé, òjò ń bọ̀."

"Ìyá Saídù, ọwọ́ yín nìkan ló kù," ni Tísà wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo káwọ́ sẹ́yìn. Mo ní, "N kò ní fi ọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá máa gùn ún, ẹ má fi orúkọ mi gùn ún."

Ó rò pé àwàdà ni. Ó yí táyà náà díẹ̀, ó fi kan etí ìró mi. "Ó ti kàn yín! Ìyẹn náà tó!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó gbé táyà kọ́ èjìká, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n lọ.

Kò pẹ́ sí i, nínú òjò, ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, táyà iwájú náà bẹ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti kú. Ẹni tó sọ fún mi ní ìdajì ojú táyà náà ṣí kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìsọ̀, mo sunkún fún ọkùnrin náà.

Mo lọ kí wọn. Palọ̀ kún, àwọn ará ilé Tísà ti ti Èkìtì dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wà lórí àga. Aládùúgbò wọn kan wo mí bí mo ṣe ń wọlé, ó sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ pé òun fi ojú òun rí olóògbé tó gbé táyà jáde láti ìsọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n Tísà yí sí Ìyá Tóbi.

"Ìyàwó, ṣé òótọ́ ni?"

Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi. Mo ń retí kó sọ pé Ìyá Saídù ní ká dá a padà, pé ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, kò tó ohun tó máa gba èémí. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ibẹ̀ la ti ń bọ̀."

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Kò parọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀ lóòótọ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n gbẹ́ láyé mi, n kò rí èyí tí wọ́n gbẹ́ dáadáa tó ọ̀rọ̀ yẹn. Mo la ẹnu, mo ṣàlàyé, mo sọ gbogbo bó ṣe jẹ́. Ẹ̀gbọ́n Tísà gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ máa lọ sílé."

Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti kárí ìlú pé ọwọ́ Ìyá Onítáyà ti gbóná. Àwọn tó ń ti Tunga wá, n kò rí wọn mọ́. Àwọn tó kù á wá, wọ́n á ní kí n má ṣe ìyọnu, àwọn á mú un fúnra àwọn. Obìnrin kan fi etí gèlè gba ṣéńjì lọ́wọ́ mi, kí ọwọ́ mi má bàa kan tirẹ̀. Bàbá Saídù, kí Ọlọ́run forí jì í, ní kí n fara mọ́ ọn, pé kádàrá ni. Mo ní kádàrá kì í fi póólíṣì kun táyà. Ìjà tí a jà lọ́jọ́ náà, a kò ja irú rẹ̀ rí.

Mo ti ìsọ̀ pa. Àlájà Sínótù ti darúgbó nígbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó wá bá mi nílé. Mo rò pé ó máa ní ṣebí òun sọ fún mi. Kò sọ ọ́.

"Ojú rẹ ṣì ń ríran?"

"Ó ń ríran, Àlájà."

"Dìde, lọ ṣí ìsọ̀ rẹ."

Ó tẹ̀lé mi lọ. Títí òjò ọdún náà fi dáwọ́ dúró, ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó lórí àpótí níwájú ìsọ̀ mi, bí oníbàárà kan bá sì fẹ́ yà sẹ́yìn, á na ọ̀pá sí i, á ní, "Wá. Táyà lo wá rà àbí ọwọ́?" Obìnrin tó ní kí n yí táyà láàárín ìgboro lọ́jọ́sí! Nígbà tó kú, èmi ni mo sunkún jù nínú gbogbo ẹbí, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ Gbagyi ló gbà mí là. Wọ́n ń ti abúlé wá, wọn ò gbọ́ ìtàn ẹnikẹ́ni, táyà tó máa gbé iṣu dé ọjà ni wọ́n ń wá. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń gùn ún lọ, wọ́n dá mi lóhùn, mo mú un fún wọn. Ohun tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi nìyẹn. Irinṣẹ́ náà ń yí padà. Ọwọ́ la fi ń fẹ́ atẹ́gùn tẹ́lẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi máa dunni, ẹ̀rọ oníjẹnẹrétọ̀ dé, ó fẹ́ ẹ ní ìṣẹ́jú kan. A máa ń fi iná jó ègé rọ́bà mọ́ ojú ihò tíúbù tẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà táyà tí kò ní tíúbù nínú rárá dé. Máṣínì olówó kékeré ti Ṣáínà kún ìlú, àchàbá, ohun tí ẹ ń pè ní ọ̀kadà, gba gbogbo títì, táyà sì wá pọ̀ bí èèpẹ̀, onírúurú orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Ohun tí kò yí padà ni ọ̀bẹ inú èédú. Wọ́n ṣì ń gbẹ́ ẹ títí di àárọ̀ òní, wọ́n kàn ń lo póólíṣì tó dára ju ti àtijọ́ ni.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ ti kúrò nílẹ̀. Saídù gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin. Àwọn tó wá láti ilé àna ti jókòó nígbà tí wọ́n gbé ọmọ jáde. Mo na ọwọ́. Ìyá ìyàwó rọra kọjá níwájú mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi, wọ́n ti ṣiṣẹ́ púpọ̀," ó gbé ọmọ náà lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Mo wo Saídù, Saídù ń wo fèrèsé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n di orí náà mú. N kò gbé ọmọ ọmọ mi títí ó fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi.

Ọdún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì ni Ìyá Tóbi wá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn ọkùnrin ti lọ kírun, Shango dákẹ́ rọ́rọ́. Orí rẹ̀ ti funfun. Kò jókòó.

"Ìyá Saídù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Tóbi ti ra máṣínì. Àchàbá ló ń fi ṣe, kò ríṣẹ́ míì. Táyà iwájú rẹ̀ ò dáa." Ó wo àwọn táyà tó wà lẹ́yìn mi. "Ẹ bá mi mú ọ̀kan fún un."

Mo rò pé etí mi ò gbọ́ dáadáa. "Èmi?"

"Ẹ̀yin."

"Ọwọ́ èmi yìí náà?"

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ kò fi ọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé ẹ ní kó dá a padà. Ṣebí mo wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?" Ohùn mi ti ga. N kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ká ní mo sọ ọ́ ni, wọn ì bá bi mí pé ta ló sọ fún un pé èyí tó ti rà ti tó, kó máa bọ̀ nílé. Èmi ni. Wọn ì bá ní èmi ni mo pa ọkọ mi, wọn ì bá sì gba Tóbi lọ́wọ́ mi lọ sí Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń wá ohun tó máa dì mú tẹ́lẹ̀. Ìyá Saídù, ọjà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín. Èmi, ọmọ ni wọn ì bá gbà."

Kí ẹ má rò pé n kò gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ, ìyá lèmi náà. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ tí wọ́n gbé kọjá níwájú mi, inú mi sì korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

"Tóbi ti dàgbà báyìí. Kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ mọ́. Lọ sọ ọ́."

Ó kàn ń fi etí ìborùn nu ojú.

Mo dìde. Mo bi í léèrè ibi tí ọmọ náà ń gùn ún lọ. Ó ní ìgboro àti ọ̀nà Bosso, nínú òjò, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà gbogbo, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo kó táyà mẹ́rin sílẹ̀, mo bi ara mi léèrè bí Àlájà ṣe kọ́ mi, pé èwo ló máa pa èèyàn. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ wọn, mo wo nọ́ńbà, mo fi ìka yẹ ìsàlẹ̀ ìlà wọn wò. Ó ṣẹ́ ku ọ̀kan. Mo gbé e fún un, mo sì gba owó mi, nítorí ọjà ni.

"Sọ fún Tóbi pé èmi ni mo mú un."

"Mo gbọ́, Ìyá Saídù. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á ṣàánú yín."

Ó gbé táyà mọ́ra, ó jáde. Mo dúró lẹ́nu ìsọ̀, mò ń wò ó. Mọ́ṣáláṣí ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí títì, àwọn kan lára wọn mọ̀ ọ́n. Ó dúró. Ó tú ìborùn lórí ara rẹ̀, ó fi bo táyà náà yíká títí kò fi sí ibi tó yọ síta, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé lọ.

Nínú gbogbo táyà tó wà nínú ìsọ̀ mi lọ́jọ́ náà, òun ló dára jù.